Ṣé Alátọ̀gbẹ Àkókó Lè Jẹ Sìpàgẹ́tì Ẹlẹ́ja?

Bí wọ́n bá ti sọ fún ènìyàn ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà nílẹ̀ Àkókó pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga ju bó ṣe yẹ lọ, ẹjọ́ tó kọ́kọ́ ń délé kì í ṣe ti oògùn. Ẹjọ́ oúnjẹ ni. Kí ẹni náà tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tó gbé e bọ̀ láti ọsibítù, àwọn ẹbí ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìkòkò rẹ̀. Ẹnì kan á fòfin de iyán, ẹnì kan á fòfin de ìrẹsì, ẹ̀gbọ́n tó ń gbé Èkó á pè lórí fóònù pé àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni kí bàbá máa jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ní ti sìpàgẹ́tì, kì í tilẹ̀ rí ẹni gbẹnu sọ fún un. Funfun ni, ìyẹ̀fun ni, inú ọ̀rá ló ti jáde. Wọ́n ti dá a lẹ́bi kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi rò pé ó yẹ ká gbọ́ ẹjọ́ náà tọ̀tún-tòsì. Oúnjẹ tí mo ní lọ́kàn kì í ṣe sìpàgẹ́tì tí a fi mágì àti òróró rẹpẹtẹ dà pọ̀ kíákíá nítorí pé ebi ń pa ọmọ. Sìpàgẹ́tì ẹlẹ́ja ni: ìwọ̀nba sìpàgẹ́tì, ẹja Titus tàbí ṣáwá, edé, omi àgbọn rírin díẹ̀, atalẹ̀, aáyù, ata rodo, efínrín, ẹ̀fọ́ púpọ̀, àti ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fún sí i lórí nígbà tí a bá sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn alásè ilẹ̀ òtútù ka irú adùn yìí sí ohun ìrìn àjò, wọ́n á máa wá omi àgbọn inú agolo kiri. Ní Àkókó, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni efínrín wà, a kì í sì í wọkọ̀ lọ wá ata rodo. Sìpàgẹ́tì nìkan ni àlejò inú ìkòkò náà.

Àlejò náà sì ti pẹ́ nílé. Láti ìgbà tí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ti kó kúrò ní Adó-Èkìtì wá sí Àkùngbá, láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ní nǹkan bí ọdún 1999 sí 2000, akẹ́kọ̀ọ́ ti kún àdúgbò, ìkòkò akẹ́kọ̀ọ́ kì í sì í jìnnà sí sìpàgẹ́tì àti Indomie. Ṣọ́ọ̀bù tó kéré jù lọ ní òpópónà ń tà á. Bí alátọ̀gbẹ kò bá rà á, ọmọ-ọmọ rẹ̀ á rà á wọlé. Ìbéèrè náà ti wà nínú ilé ìdáná, a kàn ń ṣe bí ẹni pé a kò rí i ni.

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ti ilé kan péré. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akíńkùgbé, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó tó di àgbà oníṣègùn ní Ìbàdàn, ló darí ìgbìmọ̀ tó wádìí àwọn àrùn tí kì í ràn káàkiri Nàìjíríà. Nígbà tí ìròyìn wọn jáde ní 1997, àgbàlagbà bíi 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rí tó ní àtọ̀gbẹ. Àwọn dókítà Nàìjíríà mìíràn kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2018, iye tí àwọn rí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5.8. Ó ti ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ogún ọdún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn tó ní kí sìpàgẹ́tì dúró síta, nítorí òtítọ́ wà lẹ́nu wọn. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù jù ni ìwọ̀n. Ọ̀rá sìpàgẹ́tì kan jẹ́ gíráàmù 500. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ló jẹ́ èròjà afúnnilókun, ìyẹn èyí tí ikùn ń sọ di ṣúgà. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ló ń jẹ ọ̀rá kan tán lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mẹ́ta bá pín in dọ́gba, gíráàmù 125 èròjà yẹn ló wọ ikùn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹja tó lè gba alátọ̀gbẹ lọ́wọ́ ìyẹn. Sìpàgẹ́tì tún ní ìwà kan tí iyán kò ní: ó ń yọ́ lọ ni. Ẹni tó bá jẹ òkèlè mẹ́wàá mọ̀ pé mẹ́wàá lòun jẹ, ikùn rẹ̀ náà á sì sọ fún un. Ẹni tó ń fi fọ́ọ̀kì lọ́ sìpàgẹ́tì kì í mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, àwo á kàn ṣófo ni.

Ẹ̀sùn tó tẹ̀ lé e ni ti ọwọ́ ìsebẹ̀ wa. A máa ń ṣẹ́ sìpàgẹ́tì wẹ́wẹ́, a máa bọ̀ ọ́ títí yóò fi rọ̀, a máa sẹ́ ẹ, a tún máa dà á sínú ata díndín kí ó tún hó níbẹ̀ títí yóò fi fẹ́ẹ̀ di ẹ̀kọ. Bí ó bá ṣe rọ̀ tó ni ikùn ṣe ń yára tú u tó. Òróró á léfòó lórí rẹ̀, mágì á wọ inú rẹ̀ ní mẹ́ta-mẹ́rin, iyọ̀ á tún tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà jìnnà sí ilé tí àtọ̀gbẹ bá wọ̀. Ẹni tó bá ní irú sìpàgẹ́tì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ alátọ̀gbẹ kò purọ́ mọ́ ọn.

Owó ńkọ́? Ara àlìkámà ni sìpàgẹ́tì ti ń wá, òkè òkun sì ni Nàìjíríà ti ń ra fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àlìkámà tó ń jẹ. Ìjọba Babangida fòfin de kíkó o wọlé ní 1987, wọ́n sì mú òfin náà kúrò ní 1992. Ẹnu ti mọ́ búrẹ́dì, kò sì ṣeé já gbà mọ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, gbogbo ohun tó bá fara kan dọ́là ló gbówó lérí, sìpàgẹ́tì sì wà lára wọn. Iṣu ń hù ní Ọ̀kà. Ẹni tó bá máa sọ fún àgbẹ̀ oníṣu pé kó lọ ra oúnjẹ inú ọ̀rá nítorí ìlera rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àlàyé gidi lẹ́nu. Àwọn àgbà ti ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Ẹ bojú wo ọkùnrin tó lọ sí òde àna, tí wọ́n gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kalẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, tí òun wá ń wá fọ́ọ̀kì.

Ibi tí àwọn olùfisùn ti ṣìnà ni ẹ̀sùn tí wọ́n ń pariwo jù, pé sìpàgẹ́tì ń sáré gbé ṣúgà sókè ju oúnjẹ ilé wa lọ. Èyí kò dúró. Ní 1981, David Jenkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto, ìlú Kánádà kan náà tí wọ́n ti ṣàwárí insulin, oògùn àtọ̀gbẹ, ní 1921, gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí a fi ń mọ bí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ṣe ń yára sọ ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n fún ògidì ṣúgà gúlúkóòsì ní 100, wọ́n sì ń fi àwọn yòókù wé e. Nínú àkójọ òṣùwọ̀n náà tí àwọn onímọ̀ Sydney tẹ̀ jáde ní 2008, búrẹ́dì funfun gba 75, ìrẹsì funfun sísè gba 73. Sìpàgẹ́tì funfun gba 49. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, ẹni mímọ́ inú gbogbo ilé alátọ̀gbẹ, gba 55. Ẹni tí a dá lẹ́bi àti ẹni tí a dá láre, ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé.

Báwo ni ìyẹ̀fun ṣe lè ya ọ̀nà méjì báyìí, tí búrẹ́dì á máa sáré tí sìpàgẹ́tì á máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀? Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe wọ́n ló fà á. Ìwúkàrà ló ń wú búrẹ́dì, afẹ́fẹ́ á kún inú rẹ̀, oje ikùn á sì ráyè wọlé láti ibi gbogbo. Ti sìpàgẹ́tì yàtọ̀: àlìkámà líle ni wọ́n ń lọ̀, wọ́n á pò ó le koko, wọ́n á fi ẹ̀rọ fún un gba ojú ihò tóóró jáde, wọ́n á sì sá a gbẹ. Èròjà amáradàgbà inú àlìkámà náà á wá ká sítáàṣì mọ́ bí àwọ̀n Ìlàjẹ ṣe ń ká ẹja mọ́. Oje ikùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já àwọ̀n náà kí ó tó débi ṣúgà. Ìdí nìyí tí bíbọ̀ àbọ̀jù fi jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ gidi: iná ló ń bá ikùn já àwọ̀n náà sílẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo sìpàgẹ́tì orí igbá ni wọ́n fi àlìkámà líle ṣe. Ẹ ka ẹ̀yìn ọ̀rá kí ẹ tó san owó. Bí ẹ bá rí “durum semolina” níbẹ̀, ìyẹn ni ẹ ń wá. Ní ti sìpàgẹ́tì aláwọ̀ ilẹ̀, tí wọ́n lọ àlìkámà rẹ̀ tèèpo-tèèpo, tí wọ́n sì ń tà ní owó gọbọi fún àwọn tó ń ṣọ́ ṣúgà, 48 ló gba nínú àkójọ 2008 yẹn. Ó dára fún ìgbẹ́ yíyà, ṣùgbọ́n ẹni tó rà á nítorí ṣúgà nìkan ti fi owó ńlá ra nǹkan kékeré.

Ìyára nìkan kọ́ ló ń dájọ́ ṣá, iye náà wà níbẹ̀. Gíráàmù 100 iṣu sísè ní tó gíráàmù 27 èròjà afúnnilókun. Iyán tó wọn gíráàmù 400, tí kò sí àgbẹ̀ Ọ̀kà tí yóò pè é ní iyán ńlá, ti fẹ́ẹ̀ sún mọ́ 110. Odó tún ti bá eyín ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, kò sí ohun tó le mọ́ tí yóò dá ikùn dúró. Gíráàmù 50 sìpàgẹ́tì gbígbẹ kò ju bíi 37 lọ. Àwọn tó fẹ́ràn iyán lè wí pé a kò ṣe é dọ́gba, pé kí a gé iyán náà kéré. Òótọ́ ni. Bí a bá gé e dé gíráàmù 140, wọ́n bára mu. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ jókòó ti iyán tí kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, kí ó sì dìde láìkùn?

Ibí yìí gan-an ni mo ti rí agbára sìpàgẹ́tì. Iyán kì í gbà kí a da nǹkan pọ̀ mọ́ òun. Ó ń dá dúró ni, ọbẹ̀ ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ọbẹ̀ bá sì dùn, ńṣe ni iyán ń pọ̀ sí i. Sìpàgẹ́tì ń gbà. Gíráàmù 50 tó wú nínú omi máa ń ju ìlọ́po méjì ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Bí a bá wá kó ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí úgú ẹ̀kúnwọ́ méjì sí i, pẹ̀lú àlùbọ́sà, tàtàṣé àti ẹja, àwo á kún, ojú á yó, alátọ̀gbẹ kò sì ní rò pé wọ́n fìyà jẹ òun. Àwọn oníṣègùn àtọ̀gbẹ ní Amẹ́ríkà máa ń ní kí ìdajì àwo jẹ́ ẹ̀fọ́, kí ìdá mẹ́rin jẹ́ ẹja tàbí ẹran, kí ìdá mẹ́rin tó kù jẹ́ oúnjẹ afúnnilókun. Ó ṣòro láti ṣe èyí pẹ̀lú iyán. Pẹ̀lú sìpàgẹ́tì, inú ìkòkò ni a ti ń ṣe é tán. Ìwà kan náà yìí ló sì ń pa ẹni tí kò bá kíyè sí i, torí ohun tó gba ẹ̀fọ́ á gba òróró, á sì gba kí a tún bù ú.

Ẹja ló wúlò jù nínú oúnjẹ yìí, kì í tilẹ̀ ṣe sìpàgẹ́tì. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ilẹ̀ òkè olókùúta Àkókó wà, òun náà ló ní etíkun gígùn ní Ìlàjẹ. Edé àti ẹja yíyan ń gba Ìgbọ́kọ̀dá wọ inú ìpínlẹ̀, ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sì gbé wọn gòkè wá bá wa. Titus, kọ́tẹ́ àti ṣáwá ń bọ̀ nínú yìnyín. Ẹja kò ní èròjà tó ń di ṣúgà rárá. Titus àti ṣáwá tún ní ọ̀rá tó dára fún ọkàn, àwọn oníṣègùn ọkàn Amẹ́ríkà sì ń gba ènìyàn níyànjú láti jẹ irú ẹja ọlọ́ràá bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Èyí kan alátọ̀gbẹ ju ẹlòmíràn lọ, torí ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀ ni àtọ̀gbẹ ń bà jẹ́ jù. Kí a má ṣe purọ́ gbe ẹja o: kì í wo àtọ̀gbẹ sàn, kò sì lè fa ṣúgà tó ti gòkè wálẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gba àyè tí oúnjẹ mìíràn ì bá gbà, ó sì ń jẹ́ kí ènìyàn pẹ́ kí ebi tó tún pa á. Bí a bá wá dín in nínú òróró jíjìn títí yóò fi gbó bí igi, a ti fi ọwọ́ òsì gba ohun tí a fi ọwọ́ ọ̀tún fún un. Ẹja yíyan oníyọ̀ náà ń fẹ́ fífọ̀ dáadáa. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti bá kíndìnrín rẹ̀ jà ní láti gba ìwọ̀n ẹja lẹ́nu dókítà.

Titus ti wọ́n, gbogbo ọlọ́jà ló mọ̀. Ṣáwá kò wọ́n tó o, ọ̀rá rere rẹ̀ kò sì kéré. Ẹni tí owó ṣáwá pàápàá kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ibí yìí ni mo ti gbà fún àwọn olùfisùn láìjanpata. Ẹ̀wà ju sìpàgẹ́tì lọ. Ó ń rọra gbé ṣúgà, ó ń ṣe iṣẹ́ ẹja, ilẹ̀ wa ló sì ti ń hù. Bí mo bá ní láti mú oúnjẹ kan ṣoṣo fún alátọ̀gbẹ tálákà ní Ìkàrẹ́, ẹ̀wà ni màá mú, màá sì fi ẹ̀fọ́ tì í. Àmọ́ ẹ̀wà ń fẹ́ gáàsì tàbí èédú fún wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú ẹlòmíràn kì í sì í gbà á lójoojúmọ́. Sìpàgẹ́tì ń jinná ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fún opó tó ń ti ọjà dé ní aago méje alẹ́, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

Ọ̀rọ̀ àgbọn kò gùn. Kò ní ṣúgà púpọ̀, ọ̀rá rẹ̀ ni ìṣòro. Irú ọ̀rá tó ń dì ni, tó sì lè gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù sókè. Ìdajì àgbọn kan, tí a rin, tí a fi omi púpọ̀ fún, tó fún ìkòkò ènìyàn mẹ́rin. Ẹni tó fẹ́ kí ó ki bí ọbẹ̀ ìgbéyàwó, kí ó má pè é ní oúnjẹ alátọ̀gbẹ. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ọ̀pẹ òyìnbó gé wẹ́wẹ́ sí i, ṣíbí méjì tàbí mẹ́ta nínú ìkòkò kò ṣe ohunkóhun. Omi èso inú páálí ni kí a sá fún.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìkòkò ẹbí, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ alátọ̀gbẹ ti ń bàjẹ́ jù. Nílé tí wọ́n bá ti ń se ti bàbá lọ́tọ̀, ìyàwó ń dáná lẹ́ẹ̀mejì, owó gáàsì ń di méjì, bàbá sì ń jókòó ti àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣẹ̀wọ̀n, ojú rẹ̀ lára àwo ọmọ. Kì í pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ níta. Sìpàgẹ́tì ẹlẹ́ja lè yọ ilé kúrò nínú èyí: ìkòkò kan, àwo tó yàtọ̀. Ẹ bu sìpàgẹ́tì púpọ̀ fún ọmọ tó ń dàgbà, ẹ bu ẹ̀fọ́ àti ẹja púpọ̀ fún bàbá, kí gbogbo yín sì jọ jẹ ẹ́. Èyí rọrùn tó bá jẹ́ bàbá ni, torí òun ló ti ń gba orí ẹja láti ọjọ́ pípẹ́. Bó bá jẹ́ ìyá ni alátọ̀gbẹ ńkọ́? Ìyá ilé wa kì í sábà jẹ ẹja. Ó ń pín in tán fún ọkọ àti ọmọ, ó sì ń fi ìdí ìkòkò ṣe tirẹ̀. Sìpàgẹ́tì òun ọbẹ̀ ni yóò wà nídìí ìkòkò náà, láìsí ẹja, láìsí ẹ̀fọ́. Gbogbo ohun tí mo ti kọ sókè yìí á sì dòfo lórí rẹ̀. Nílé bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bu ti ìyá.

Àwọn kan á ní àwọn baba ńlá wa gun òkè Ìkàrẹ́, wọ́n jẹ iyán láàárọ̀ àti lálẹ́, kò sì sí àtọ̀gbẹ. Apá kan rẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ oko, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, iṣan tó ń ṣiṣẹ́ sì máa ń gba ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Iyán kan náà tó wọ ikùn ẹni tó gun òkè Ọ̀kà ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ kò ṣe bákan náà nínú ẹni tó ń ti orí àga bọ́ sórí ọ̀kadà. Apá kejì ni pé kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ tí kò jinná, ojú tó kàn ṣú, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè wọ́n nígbà náà. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn oúnjẹ ṣì ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ lónìí, ì báà jẹ́ iyán ni a jẹ, ì báà jẹ́ sìpàgẹ́tì.

Ẹni tó bá fẹ́ se é, báyìí ni kó ṣe. Pín ọ̀rá sìpàgẹ́tì kan sí méjì lórí tábìlì, kí o tún pín ìdajì kọ̀ọ̀kan sí márùn-ún: ìdì kan ni ti alátọ̀gbẹ, kò gbọdọ̀ di méjì. Fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ pa ẹja lára, kí o yan án tàbí kí o bọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà àti atalẹ̀, kí o yọ eegun rẹ̀. Da òróró ṣíbí ìjẹun méjì sínú ìkòkò, àlùbọ́sà àti aáyù á kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ata rodo, tàtàṣé àti tòmáàtì tí o gún, kì í ṣe èyí tí o lọ̀ kúnná. Jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ. Edé gbígbẹ tí o ti fọ̀ ni yóò ṣe iṣẹ́ mágì; bí irú bá wà nílé, fi díẹ̀ sí i, Àkókó là wà. Omi àgbọn fífúyẹ́ á tẹ̀ lé e. Nínú ìkòkò mìíràn, jẹ́ kí omi hó dáadáa kí sìpàgẹ́tì tó wọ̀ ọ́, má ṣẹ́ ẹ, kí o sì gbé e kúrò nígbà tí ó ṣì le díẹ̀ láàárín, ní bíi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì ṣáájú iye tí wọ́n kọ sára ọ̀rá. Dà á sínú ata, kó ẹ̀fọ́ lé e, ro ó pọ̀, gbé ẹja sí i, bo ó fún ìṣẹ́jú méjì, kí o sì pa iná. Efínrín àti ọsàn wẹ́wẹ́ ló gbẹ̀yìn.

Ẹnu rẹ lè kọ́kọ́ sọ pé kò jinná. Fún un láyè, eyín á kọ́ ọ.

Ìdájọ́ mi nìyí: kí sìpàgẹ́tì ẹlẹ́ja wọlé, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ìdì kan fún alátọ̀gbẹ, kí ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ máa ṣe olórí àwọn ọjọ́ yòókù, kí iyán má kúrò lẹ́nu, kí ó kàn kéré. Bí o bá rí ẹ̀rọ ìdánwò ṣúgà yá, yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò ní wákàtí méjì lẹ́yìn tí o bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, kí o tún yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ tí o bá jẹ iyán. Ohun tó bá gbé ṣúgà kọjá 180 mg/dL fún ọ, dín in kù, ohun yòówù kí àwọn ẹbí sọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí kò ṣeé dúró dè: bí o bá ń lo oògùn bíi Daonil tàbí insulin, má ṣàdédé gé oúnjẹ afúnnilókun rẹ kù sí ìdajì lọ́la nítorí ohun tí o kà níbí. Oògùn náà lè fa ṣúgà rẹ wálẹ̀ jù, kí òógùn bò ọ́, kí ọwọ́ rẹ máa gbọ̀n, kí o sì ṣubú. Kọ́kọ́ lọ bá dókítà rẹ, ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ìwárò-Ọ̀kà, kí ẹ jọ tún ìwọ̀n oògùn náà ṣe.